Ọkọ̀ Kékeré Lórí Omi Iyọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Ará oko ni púpọ̀ nínú wa ní ìhà Akínyẹlé, Làgelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrá. Ọkọ́ àti àdá ni iṣẹ́ baba wa, kì í ṣe àjẹ̀ àti àwọ̀n. Kí ni ó wá kan àgbẹ̀ nínú ọ̀ràn òkun? Ẹ fún wa ní àyè díẹ̀, ẹ ó sì rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan láti abúlé kan lẹ́bàá Akánràn wá bá wa ní ilé. Ó mú tẹlifóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí a bá òun ka ohun tí ọmọ òun kọ ránṣẹ́. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ó ti wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní ìhà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí láti bí oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó bá lọ sí ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti ń lọ láti ìgbà tí ilé ìfọ̀pọ ńlá àti èbúté tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àgbègbè náà. Nígbà tí iṣẹ́ kò yá mọ́, ó rí ọkọ̀ kékeré kan rà, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, tí olówó kan ti fi ń ṣe ìgbafẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, ó sì ń fi í pẹja. Ohun tí ó kọ kò gùn: kí ìyá òun má fòyà, òun ti ń tukọ̀ ní Aṣéjíre láti kékeré, òun sì mọ lúwẹ̀ẹ́ ju gbogbo ẹgbẹ́ òun lọ.

Nígbà tí a kà á tán, ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Bàbá Tíṣà, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù jù."

Ìyá yìí gbọ́n. Àwọn àgbà wa ni wọ́n wí pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ó bẹ̀ wá kí a kọ lẹ́tà sí ọmọ náà, a sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ ọ́ ni ó wá sí wa lọ́kàn pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí náà ni a fi mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wá sí ojú ìwé yìí.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún ọmọ oko láti gbà ni pé, ní ojú rẹ̀, omi ni gbogbo omi. Ẹ wò ó: Odò Ọ̀ṣun tí a sé mọ́lẹ̀ ní Aṣéjíre láti bí ọdún 1972 kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, odò kan náà ni ó tún ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, kò jìnnà sí Èpé. Omi tí àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá ń kọjá lórí afárá ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn apẹja ìsàlẹ̀. Ọmọ náà lè wí pé òun kàn tẹ̀lé omi ilé wa lọ ni.

Ṣùgbọ́n omi ilé wa a máa yí ìwà padà kí ó tó dé òkun. Ní Aṣéjíre, bí àjẹ̀ rẹ bá bọ́ sínú omi, ìwọ yóò bojú wẹ̀yìn, ìwọ yóò sì rí i nítòsí. Omi náà jókòó sí ibi tí a sé e mọ́. Ní omi iyọ̀, omi fúnra rẹ̀ ni arìnrìn-àjò. Bí o tilẹ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán tí o kò wa ọkọ̀ rárá, ìwọ ń lọ sí ibì kan.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò bọ́ nínú àìmọ̀ náà. Nígbà tí a ṣì jẹ́ akọ̀wé kékeré, a lọ kí ìbátan wa kan ní Èkó, àwa méjèèjì sì yá ọkọ̀ igi kékeré kan láti lọ ju ìwọ̀ ní ibi tí ọ̀sà ti ń lọ pàdé òkun. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ náà ń sáré bí ẹni pé a ti di ògbóǹkangí atukọ̀, a sì ń yin ara wa. A kò mọ̀ pé omi ni ó ń gbé wa lọ. Nígbà tí ó tó àkókò àti padà, a wa ọkọ̀ fún bí wákàtí kan. Igi àgbọn kan wà létí omi lápá òsì wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Igi àgbọn náà ni ó ṣì wà lápá òsì wa nígbà tí ọwọ́ wa bó. Apẹja àgbàlagbà kan, ará Ìlàjẹ, ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kígbe pé, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ sọ ìdákọ̀ró yín sílẹ̀, kí ẹ jókòó! Ẹ kò lè bá a jà. Bí ó bá ṣe tán, òun náà ni yóò gbé yín padà." A ṣe bí ó ti wí. Ó tó wákàtí mẹ́rin kí omi tó yípadà, a kò sì mú omi mímu kankan lọ́wọ́. Omi ni ó yí wa ká, òùngbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ohun tí bàbá náà mọ̀ tí àwa kò mọ̀ ni èyí. Òkun a máa kún, a sì máa fà, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan. Láti ìgbà tí ó bá kún dé òkè títí di ìgbà tí yóò fà tán tó wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Àkókò náà a sì máa sún síwájú ní bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá omi kíkún pàdé ní agogo méje òwúrọ̀ lónìí yóò bá a ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ lọ́la. Ní ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tí ó bá di àrànmọ́jú, kíkún rẹ̀ a pọ̀ sí i, fífà rẹ̀ a sì le sí i. Níhìn-ín ni ará oko ti ní ànfàní: ó mọ ọjọ́ oṣù. Kí ó kàn kọ́ láti fi wo omi gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi wo alẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ yóò wà àti alẹ́ tí òkùnkùn yóò ṣú.

Ní àsìkò òjò ẹ̀wẹ̀, fífà náà a máa gbóná ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ ní ẹnu òkun Èkó, nítorí pé àgbàrá gbogbo odò wa, Ògùn àti Ọ̀ṣun àti àwọn yòókù, ni ó ń wá ọ̀nà jáde ní àkókò kan náà pẹ̀lú omi tí ń fà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ pẹja ní ọ̀nà ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ará etí omi ní agogo tí omi yóò yí, kí ó sì ṣe ètò rẹ̀ kí omi tí yóò kún lè gbé e bọ̀ wá sí ilé. Orí ọkọ̀ ni kí ó so okùn ìdákọ̀ró mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tàbí ìdí. Bí omi bá ń fà kíkankíkan tí okùn sì wà ní ẹ̀gbẹ́, yóò fa ẹ̀gbẹ́ náà wọlé, ọkọ̀ a sì dojú dé. Kí ọ̀bẹ kan wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí okùn tí a kò lè tètè tú.

Èyí ni ti ọ̀sà. Ti òkun gbangba yàtọ̀, níbẹ̀ sì ni ẹ̀rù ọmọ yìí ti bà wá jù, nítorí pé ní ìhà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, orí iyanrìn ni a ti ń ti ọkọ̀ sínú ìgbì. Àwa ará òkè a máa rò pé atẹ́gùn ibi tí a wà ni ó ń gbé ìgbì dìde. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìjì tí ń jà ní ọ̀nà jíjìn réré nínú òkun gúúsù ni ó ń rán púpọ̀ nínú àwọn ìgbì wọ̀nyí wá, wọ́n a sì rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dé etí ilẹ̀ wa. Oòrùn lè máa ràn, kí ewé igi má sì mì, kí òkun sì máa bínú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó, ó sì gbé ènìyàn àti ilé lọ. Orí ilẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn wà. Wọn kò tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Àwọn oṣù àárín òjò ni ìgbì a máa ga jù.

Ìgbì a sì máa wá ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́: àwọn ńlá díẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà àwọn kékeré. Ẹni tí ó bá dé etíkun tí ó sì ti ọkọ̀ sínú omi lójú ẹsẹ̀ kò tíì rí òkun ọjọ́ náà. Kí ó dúró, kí ó wò ó fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì ń lọ tàbí tí ó ń bọ̀, kí orí ọkọ̀ tàbí ìdí rẹ̀ kọjú sí ìgbì, kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ má ṣe kọjú sí i láé. A fi ìlànà kan kún lẹ́tà náà tí a rò pé ó sàn ju gbogbo àlàyé wa lọ: ní ọjọ́ tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn tí wọ́n ní ọkọ̀ ńlá kò bá jáde, kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ elénì kan má ṣe jáde.

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò kò nílò àlàyé púpọ̀ fún àwọn tí ó ti ká páànù ilé wọn lọ rí ní Mọ́níyà. Ẹ mọ àmì rẹ̀: ooru a mú, atẹ́gùn a dákẹ́, ìkùukùu dúdú a gùn bí ògiri ní ìhà ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù a sì dé lójijì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sá wọ ilé. Ẹni tí ó wà lórí omi nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, nígbà tí ìkùukùu náà ṣì rí bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ó ti kó ìwọ̀ rẹ̀, láìbìkítà bí ẹja ti ń jẹ tó. Ní ìgbà ọyẹ́, kùrukùru ni ọ̀tá. A lè wà ní ìwọ̀n ibùsọ̀ kan péré sí ilẹ̀ kí a má mọ ìhà tí ó wà, ọkọ̀ òkun ńlá kò sì lè rí ọ tàbí kí ó dúró nítorí rẹ.

Nísinsìnyí a padà sí ọ̀rọ̀ lúwẹ̀ẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní odò kan ní ìhà wa tí a kì yóò dárúkọ, ìjì dojú ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dé. Ọ̀kan kò mọ lúwẹ̀ẹ́ dáradára. Ó di ọkọ̀ náà mú, ó ń sunkún, ó sì ń ké. Èkejì mọ̀ ọ́n púpọ̀. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé etí odò kò jìnnà, òun yóò lọ pe ènìyàn wá. Wọ́n rí ẹni tí ó di ọkọ̀ mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wà láàyè. Àwa ni a ka ìsìn ìsìnkú èkejì.

Ilẹ̀ a máa sún mọ́ ojú lórí omi ju bí ó ti rí lọ. Ọkọ̀ igi a máa léfòó bí omi tilẹ̀ kún un dé ẹnu, ènìyàn a sì ṣeé rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju orí kan ṣoṣo tí ń yọ láàárín ìgbì lọ. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dojú dé, kí ó dì í mú. Irú ọkọ̀ tí ọmọ yìí rà, tí òyìnbó ń pè ní kayak, àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìnyín ní òkè àríwá ayé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, tí wọ́n fi awọ ẹran omi bò ó, tí wọ́n sì fi ń ṣọdẹ. Ti òde òní jẹ́ ti ọ̀rá líle, ó sì ní ihò nínú bí akèrègbè. Ó ní ìdérí kékeré kan tí a fi ń dí ojú ibi tí a ti ń da omi inú rẹ̀ nù. Bí ìdérí yìí bá bọ́, omi a máa wọ inú rẹ̀ láìsí ariwo títí yóò fi rì. Kí ó tẹ ìdérí náà wò ní gbogbo òwúrọ̀. Kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ náà dé nínú omi tí kò jinlẹ̀, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ó sì kọ́ bí a ti ń yí i padà àti bí a ti ń fi àyà wọ́ gùn ún. Ẹni tí kò lè ṣe é níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ kò lè ṣe é níbi tí kò kàn án.

Ẹ̀wù aléfòó tí a ń pè ní láífù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ní i, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Omi kì í fún ènìyàn ní àyè àti wọ aṣọ. Kí a wọ̀ ọ́ láti orí iyanrìn, kí a de gbogbo okùn rẹ̀ pinpin, kí ó má baà bọ́ gba orí lọ. A mọ̀ pé ó ń mú ooru. Ẹni tí kò bá tíì rí owó rẹ̀, kí ó mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ó ṣófo, tí a sì dé ní ìdérí gbọin-gbọin, lè gbé àgbàlagbà ró. Kí ó so ó mọ́ ọkọ̀ títí yóò fi rí owó ẹ̀wù náà. Kẹ́ẹ̀gì a máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti rẹ̀, nítorí náà kò lè gba ipò ẹ̀wù. Kí fèrè kékeré wà lọ́rùn rẹ̀, kí tẹlifóònù rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ó so ó mọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe mọ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ òru kúrú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní ìhà Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ tí ó ń kó èrò ìgbéyàwó padà ní òru dànù nínú odò Ọya, ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú. Èrò pọ̀ jù, òkùnkùn ṣú, a sì gbọ́ pé ìtì igi ni ọkọ̀ náà kọlù. Bí ìtì igi bá lè ṣe èyí sí ọkọ̀ ńlá, kí ni yóò ṣe sí èyí tí ẹnì kan ń gbé lé èjìká?

Ilé náà ní ipa tirẹ̀. Apẹja tí kò sọ ibi tí ó ń lọ àti agogo tí yóò dé ti jẹ́ kí wákàtí púpọ̀ ṣòfò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó sọnù. Kí ó sọ méjèèjì fún àbúrò bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí agogo náà bá kọjá, kí wọ́n má ṣe wí pé ẹja ni ó ń jẹ. Kí wọ́n pe 767 ní Èkó, tàbí 112 ní ibikíbi ní Nàìjíríà, kí wọ́n sì pe àwọn ọlọ́kọ̀ tí ó wà nítòsí. Ẹni tí ó bá rí ẹni tí ń rì, kí ó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì sí i, kí ó má ṣe bẹ́ sínú omi lọ bá a lásán. Bí a bá sì gbé ẹni náà jáde tí kò mí mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ gbé e kọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń rí i, ẹ má sì ṣe tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ yí orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan ní ìgbà 30, ẹ fẹ́ èémí ní ìgbà méjì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó tilẹ̀ jí, ilé ìwòsàn ni kí ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá náà bi wá bóyá kí òun pe ọmọ náà padà sí ilé. Àgbà kan tí ó jókòó tì wá wí pé kí ó pè é kíákíá, pé ilẹ̀ baba rẹ̀ ń bẹ ní Akánràn tí igbó ti bò. A bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ejò ń bẹ nínú igbó náà, ọ̀kadà sì ń bẹ lójú títì. Ọmọ tí ó rí iṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí iṣẹ́ kò sí, a kò gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù nìkan gba á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a kọ sí i ni pé kí ó fi òkun gbangba sílẹ̀ fún odindi ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, kí ó máa pẹja lórí ọ̀sà, kí ó má ṣe dá nìkan lọ, kí ó sì fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ẹnì kan tí a bí sí etí omi.

Èsì rẹ̀ dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun ti rí bàbá Ìlàjẹ kan tí yóò máa tukọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun sì ti ra ẹ̀wù náà. Kò sọ bóyá òun ń wọ̀ ọ́. Ó ní ọdún kan ti pọ̀ jù. Ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó má ṣe máa jókòó de òun ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá náà ní kí a kọ padà pé òun yóò máa jókòó. Kí ó pe òun ní agogo mẹ́fà ní gbogbo ọjọ́ tí ó bá lọ sí omi. Bí ó bá di agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 30 tí òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀, òun yóò pe àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni náà yóò sì pe 767, ìbáà jẹ́ pé oorun ni ọmọ náà ń sùn. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ti sọ ọ́.